Ẹgbẹ́ akadá àti jọ́nà fíìmù, mídíà àti àṣà: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù l'Abuja

Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ mídíà lápá ibí, ì báà jẹ́ Gwagwalada, Zaria, Kano tàbí Jos: ẹgbẹ́ wo ni kí n wọ̀, jọ́nà wo ni kí n fi pẹ́pà mi ránṣẹ́ sí, ṣé wọn ò ní jẹ owó mi gbé. Mo kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Àwọn ìdáhùn kan gùn, àwọn kan ò ju gbólóhùn mélòó kan lọ, ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní jọ́nà gan-an, ṣebí ìwé ìròyìn náà ni?

Ìwé ìròyìn kọ́. Jọ́nà ni ibi tí àwọn akadá ti ń bá ara wọn jiyàn, ẹnì kan á kọ pẹ́pà lónìí, tó bá di ọdún méjì ẹlòmíì á fi tiẹ̀ sọ pé irọ́ lo pa. Kí pẹ́pà tó jáde, olóòtú á fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yẹn, lọ́pọ̀ jọ́nà wọn ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ àwọn tó kà á, wọ́n á wá sọ bóyá kí wọ́n gbà á, kẹ́ ẹ tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá a padà. Ìyẹn ni peer review tí gbogbo èèyàn ń pariwo. Ẹgbẹ́ ní tiẹ̀ ni àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jọ́nà yẹn: wọ́n ń gba owó ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣe àpérò lọ́dọọdún, wọ́n ń fún èèyàn lẹ́bùn ìwé tó dáa.

Fíìmù, mídíà, àṣà, ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀?

Wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ni, yàrá wọn yàtọ̀. Àwọn tó ń kọ nípa fíìmù ń wo fíìmù fúnra ẹ̀ àti ìtàn ẹ̀, àwọn ti mídíà ń wo tẹlifíṣọ̀n, rédíò, fóònù, ta ló ni ilé iṣẹ́, òfin wo ló dè é. Àwọn tó ń pe ara wọn ní cultural studies ní tiwọn ń béèrè ohun tí àwa tá a ń wò ó ń fi ṣe. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá ibùdó ìwádìí tó sọ ọ́ di olókìkí sílẹ̀ ní 1964, Richard Hoggart ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Stuart Hall tí wọ́n bí sí Jamaica ló wá gbé e ga. Yunifásítì ọ̀hún ti ẹ̀ka yẹn pa ní 2002, àmọ́ ìgbà yẹn iṣẹ́ náà ti tàn káyé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ lọ sọ́jà Nyanya, ẹ wo ìyá kan tó ń wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù nídìí ọjà ẹ̀, oníbàárà ẹ̀ ń ná an ní Hausa, ọmọ ẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ìyẹn nìkan tó pẹ́pà kan.

Àwọn ẹgbẹ́ wo ló wà?

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù nípa fíìmù ni Society for Cinema and Media Studies, SCMS, ní Amẹ́ríkà. 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Society of Cinematologists lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, orúkọ tí ẹnu ò lè pè dáadáa. 1969 ni wọ́n yí i sí Society for Cinema Studies, ó di 2002 kí wọ́n tó gbà kí mídíà wọnú orúkọ náà, ẹ rí i pé ó pẹ́ kí àwọn onífíìmù tó gbà pé tẹlifíṣọ̀n náà ń jẹ́ nǹkan. Jọ́nà wọn, Cinema Journal, ti di JCMS láti 2018. Ní Yúróòpù, NECS ni tiwọn, 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀, jọ́nà wọn NECSUS sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2012. BAFTSS ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mass comm wá, tiyín ni IAMCR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957 pẹ̀lú ọwọ́ UNESCO, àti ICA tó ti wà láti 1950. Àwọn tó ń kọ nípa Áfíríkà gan-an wà ní African Studies Association ti Amẹ́ríkà (ASA, 1957 náà ni), àti African Literature Association, tẹ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ literature yẹn lé yín sá, àwọn tó ń sọ nípa fíìmù pọ̀ níbẹ̀.

Nílé níbí, SONTA ni ẹgbẹ́ àwọn onítíátà, àwọn ló ni Nigerian Theatre Journal, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tíátà àti fíìmù ní ABU, ní Jos àti l'Abuja ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. ACSPN ni ti àwọn oníbáraẹnisọ̀rọ̀. Lagos Studies Association náà ń ṣe àpérò lọ́dọọdún ní UNILAG, kò sì di dandan kéèyàn jẹ́ ará Èkó.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wọ̀?

Ẹ má tíì wọ ìkankan. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń retí orúkọ, àmọ́ ohun tí mo rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sanwó ẹgbẹ́ òkè òkun torí kí wọ́n lè fi sínú CV, tí wọn ò mọ ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ. Ẹ mú pẹ́pà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́ ẹ gbádùn jù nínú prọ́jẹ́ẹ̀tì yín, ẹ wo jọ́nà tó gbé wọn jáde, ẹ wo ẹgbẹ́ tó ni jọ́nà náà tàbí àpérò tí àwọn tó kọ ọ́ máa ń lọ. Ibẹ̀ nilé yín. Ó lè jẹ́ SCMS, ó lè jẹ́ SONTA. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ wọlé, SCMS àti ASA máa ń gba owó bí owó oṣù èèyàn bá ṣe mọ, akẹ́kọ̀ọ́ ò san iye tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń san, ẹ má lọ fi ìtìjú san ti ọ̀gá.

Jọ́nà wo ló ń gba pẹ́pà nípa Nollywood, Kannywood tàbí fíìmù Yorùbá?

Wọ́n pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Journal of African Cinemas àti Journal of African Media Studies, ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 2009, ilé ìtẹ̀wé Intellect ló ń gbé méjèèjì jáde. Black Camera ti Indiana University Press ń gba fíìmù aláwọ̀ dúdú níbi gbogbo lágbàáyé. Journal of African Cultural Studies ti bẹ̀rẹ̀ láti 1988 pẹ̀lú orúkọ African Languages and Cultures, ìyẹn dáa gan-an fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ èdè, orin àti fíìmù pọ̀. Critical Arts wà ní South Africa.

Ẹ má gbàgbé àwọn jọ́nà tí kò pe ara wọn ní jọ́nà fíìmù o. Ọ̀kan nínú pẹ́pà tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí jù nípa ìhà àríwá níbí, èyí tí Brian Larkin kọ ní 1997 nípa bí àwọn ọ̀dọ́ Kano ṣe fẹ́ràn fíìmù Íńdíà, inú jọ́nà tó ń jẹ́ Africa ló ti jáde, jọ́nà International African Institute tó ti wà láti 1928, tó jẹ́ pé àwọn onímọ̀ àṣà ló ń kà á jù. Ohun tó jẹ́ kó délé ni pé kò kàn sọ ìtàn fíìmù, ó béèrè ìdí tí ọ̀dọ́ Hausa fi rí ara ẹ̀ nínú ìfẹ́ àwọn ará Íńdíà ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ọdún 2007 ni Postcolonial Text àti Film International ya odidi ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ fún Nollywood, láti ìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó lè sọ mọ́ pé ọ̀rọ̀ fíìmù wa ò tó kọ sí jọ́nà.

Àwọn kan náà wà tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, tí kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kà á: NECSUS tí mo ti dárúkọ, àti Jump Cut ti Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1974.

Yorùbá ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ Kannywood ló wù mí. Ṣé wọn ò ní ní kí n lọ kọ nípa ti ilé wa?

Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Larkin fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọmọ Hausa. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín ni pé ṣé ẹ gbọ́ Hausa. Tó bá jẹ́ pé Hausa ọjà Wuse nìkan lẹ gbọ́, tẹ́ ẹ lè ná tòmátò àmọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ fíìmù kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ wá ọmọ Hausa kan tẹ́ ẹ máa jọ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì jọ fi orúkọ sí i, kì í ṣe kẹ́ ẹ lò ó tán kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹ ka iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdalla Uba Adamu ti Bayero University kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun. Ìmọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ fi di ọ̀jọ̀gbọ́n, kó tó tún wá di ọ̀jọ̀gbọ́n mídíà àti àṣà, ó sì tún ṣe VC National Open University tí olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Jabi. Kano ni wọ́n ti ṣe àpérò àgbáyé lórí fíìmù Hausa ní 2003, nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ṣì ń wo fíìmù fídíò bí eré ọmọdé. Kano náà ló ti dá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò tiẹ̀ sílẹ̀ ní 2001, lẹ́yìn tí Ṣẹ̀ríà dé, ìyẹn nìkan ti bí pẹ́pà tí kò lóǹkà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Gbogbo èèyàn ń sá tẹ̀ lé Kannywood, kò sẹ́ni tó ń bojú wo àwa fúnra wa. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna àti Jos, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kí ni wọ́n ń rí nínú fíìmù Yorùbá? Àwọn tó ń ta fíìmù ní Mararaba, tí wọ́n ti kúrò ní káséètì bọ́ sí CD, tí wọ́n wá di ẹni tó ń da fíìmù sórí mẹ́mórì kádì fún èèyàn, ta ló ti bá wọn sọ̀rọ̀? Olóòtú ní London tàbí Los Angeles ò lè rí ìyẹn kọ. Ẹ̀yin lẹ lè rí i, owó kèké lẹ máa fi débẹ̀.

Ṣé mo lè fi Yorùbá kọ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Yoruba Studies Review, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 tó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń gba pẹ́pà tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Èdè ni jọ́nà Harsunan Nijeriya ti Bayero náà dá lé. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, tó bá jẹ́ torí ìgbéga lẹ ṣe ń kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀ka yín bóyá wọ́n máa kà á, torí àwọn ìgbìmọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọn ò lè kà ni wọ́n ń pè ní ohun tí kò dáa.

Báwo ni mo ṣe máa dá jọ́nà gbájúẹ̀ mọ̀?

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí. Ẹ ti rí íméèlì yẹn rí, èyí tó ń pè yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣe másítà, tó ní òun gbádùn iṣẹ́ yín (iṣẹ́ wo? ẹ ò tíì kọ nǹkan kan jáde), tó ní kẹ́ ẹ fi pẹ́pà ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun á gbé e jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ka pẹ́pà dáadáa tó máa parí ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí olóòtú á tún kà á, tẹ́ ẹ tún máa tún un ṣe. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbà náà: jọ́nà kan ṣoṣo tó ń gba iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti fíìmù pọ̀, ta ni olóòtú tó mọ gbogbo ẹ̀?

Wọ́n á tún fi ISSN dẹ́rù bà yín. ISSN ò ju nọ́ńbà mẹ́jọ lọ, National Library of Nigeria ló ń fún àwọn jọ́nà tó wà nílé. Bíi nọ́ńbà ara mọ́tò ló rí, ó ń jẹ́ kí wọ́n dá mọ́tò mọ̀, kò sọ pé mọ́tò náà ní búréèkì. DOI, nọ́ńbà tí wọ́n ń fún pẹ́pà kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà, Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ láìbìrì ní yunifásítì Colorado Denver, òun ló ń kó orúkọ àwọn jọ́nà tó fura sí jọ, ó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní January 2017. Èyí tí wọ́n ń pín kiri báyìí, ẹ̀dà ẹlòmíì ni, ẹ má gbára lé òun nìkan. Ẹ wo DOAJ, àkójọ orúkọ jọ́nà ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wà láti 2003. Ẹ wo AJOL fún ti Áfíríkà, 1998 ló bẹ̀rẹ̀, South Africa ni wọ́n wà báyìí. Wẹ́bsáìtì Think. Check. Submit. náà ní ìbéèrè tẹ́ ẹ lè bi ara yín kẹ́ ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù ni pé kẹ́ ẹ mú orúkọ ẹnì kan lára ìgbìmọ̀ olóòtú wọn, kẹ́ ẹ wá íméèlì ẹ̀ ní yunifásítì tó wà, kẹ́ ẹ bi í jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá ó mọ̀ nípa jọ́nà yìí. Ẹnu máa yà yín sí iye àwọn tí ò mọ̀ pé orúkọ àwọn wà níbẹ̀.

Ohun kan tó kù. Jọ́nà ẹ̀ka yunifásítì nílé níbí sábà máa ń gba owó díẹ̀ láti fi ṣàyẹ̀wò pẹ́pà àti láti fi tẹ̀ ẹ́, torí kò sí ilé ìtẹ̀wé ńlá lẹ́yìn wọn. Ìyẹn nìkan ò sọ wọ́n di gbájúẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tówó wọlé náà ni lẹ́tà pé wọ́n ti gba pẹ́pà jáde, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ rà. Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ ni ìgbéga, níbi tí wọ́n ti ń ka iye pẹ́pà tí wọn ò ka ohun tó wà nínú ẹ̀.

Wọ́n ní kí n san ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé gbájúẹ̀ nìyẹn?

Ó lè má jẹ́ gbájúẹ̀. Owó kí gbogbo ayé lè ka pẹ́pà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ jọ́nà fíìmù àti àṣà, kì í ṣe dandan, ẹ kàn mú ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn láìbìrì ń sanwó fún, kò ní ná yín ní nǹkan kan. Wọ́n sì sábà máa ń gbà kẹ́ ẹ gbé ẹ̀dà tẹ́ ẹ tẹ̀ fúnra yín, èyí tí wọn ò tíì to ojú ìwé ẹ̀, sórí wẹ́bsáìtì yunifásítì yín lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Àwọn kan tún máa ń dín owó náà kù tàbí kí wọ́n yọ ọ́ fún àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa, àmọ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fi pẹ́pà sílẹ̀, tí wọ́n bá ti gbà á tán ó ti pẹ́ jù.

Báwo ni mo ṣe máa rí pẹ́pà kà nígbà tí wọ́n ń ta ẹyọ kan lówó dọ́là?

JSTOR, ibi tí wọ́n kó jọ́nà jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń jẹ́ kẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka tó 100 lóṣù lórí ẹ̀rọ, ìyẹn tó fún èèyàn gidi. Ní Google Scholar, ẹ wo apá ọ̀tún níbi tí wọ́n kọ PDF sí. Tí kò bá sí, ẹ kọ íméèlì sí ẹni tó kọ ọ́. Inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan ní Nàìjíríà fẹ́ ka iṣẹ́ wọn, èyí tó pọ̀ jù á fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gba abstract mi fún àpérò òkè òkun o! Físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́?

O kú oríire. Tó o bá jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, lọ béèrè nípa owó àpérò TETFund ní ilé ìwé yín, lọ kíákíá, torí ìlà máa ń gùn. Tó o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́ gan-an, bi wọ́n bóyá owó ìrìnàjò wà fún àwọn tó ń bọ̀ láti Áfíríkà, má dúró kí wọ́n fúnra wọn sọ fún ẹ. Bẹ̀rẹ̀ ètò físà kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, má ra tíkẹ́ẹ̀tì torí físà. Kó o sì bi wọ́n bóyá o lè sọ tìẹ látorí íntánẹ́ẹ̀tì: SCMS fagi lé àpérò 2020 nítorí kòrónà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ṣe ti 2021, àwọn ẹgbẹ́ kan ṣì ń fi àyè yẹn sílẹ̀. Gba ìmọ̀ràn mi, ra dátà tó pọ̀, kó o sì lọ jókòó síbi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

Wọ́n ní kí n tún un ṣe kí n fi ránṣẹ́ padà. Ṣé wọ́n ti lé mi ni?

Rárá o, ìròyìn ayọ̀ ni! Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé, wọn ò ní fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàlàyé fún un. Ẹ sun ún di ọ̀la kí inú yín rọ̀, kẹ́ ẹ wá to gbogbo ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí ìkọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ò bá gbà pẹ̀lú wọn lórí nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn kì í ṣe Ọlọ́run.

Súpáfáísọ̀ mi ní orúkọ àwọn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú lórí pẹ́pà tí èmi nìkan kọ.

Hmm. Ní ti òfin ọ̀pọ̀ jọ́nà, ẹni tó kọ ọ́ ló ni í, bíbójú tó akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ò sọ èèyàn di ẹni tó kọ pẹ́pà. Àmọ́ Yorùbá ni wá, ta ló fẹ́ wojú bàbá tó máa buwọ́ lu tíísìsì òun sọ bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ lọ bá wọn, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní jọ́nà yìí ní kí olúkúlùkù sọ ohun tó ṣe nínú pẹ́pà, sà, báwo la ṣe máa kọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí ìwé òfin jọ́nà sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu yín. Tí wọ́n bá ṣe nǹkan gidi nínú ẹ̀ lóòótọ́, ẹ má fi orúkọ wọn dù wọ́n. Tó bá wá di ti agídí, ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe lágbára tó, mi ò ní ní kẹ́ ẹ bá wọn jà, ẹ kọ pẹ́pà kejì fúnra yín.

Mo ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mi ò ní PhD. Ṣé wọ́n máa gba tèmi?

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, mà. Wọ́n máa gbà á. Àwọn tí kò sí ní yunifásítì kankan máa ń kọ "independent scholar" síbi orúkọ ilé ìwé, kò sì bu èèyàn kù. Lọ́pọ̀ jọ́nà, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò kì í tiẹ̀ rí orúkọ. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n ní Yorùbá àti Hausa nígbà náà ò sí nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá ní fọ́tò, ìwé tàbí téèpù àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ dà á nù. Jos ni ilé ìṣúra fíìmù ìjọba wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí wọ́n ṣe ní 1976, wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. University of Jos àti Goethe University ti Frankfurt ti jọ dá ètò másítà sílẹ̀ lórí irú ìtọ́jú yẹn, ẹ lè darí àwọn ọmọ yín síbẹ̀.

Fíìmù ni mò ń ṣe, ìwé kíkọ ò sí lára mi.

Ẹ wo jọ́nà [in]Transition, 2014 ló bẹ̀rẹ̀. Fídíò ni pẹ́pà tiwọn: ẹ máa gé fíìmù pọ̀ láti fi ṣàlàyé nǹkan nípa fíìmù, àwọn onímọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì gbé ohun tí wọ́n sọ jáde pẹ̀lú ẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i. Ẹ ṣì máa kọ àlàyé díẹ̀ o, ẹ ò lè sá fún ìwé pátápátá.

Orúkọ mi wọ́pọ̀, pẹ́pà ẹlòmíì ń gorí orúkọ mi.

Ẹ gba ORCID. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ẹni tó ń kọ pẹ́pà ni, díjíìtì 16 ló ní, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹ máa kọ ọ́ sára gbogbo pẹ́pà yín. Àwọn Adéyẹmí tó wà lágbàáyé ò lóǹkà.

Èló ni jọ́nà máa ń san fún ẹni tó kọ pẹ́pà?

Kò sí. Kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò pàápàá, wọn ò san nǹkan kan fún wọn. PDF ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín, bóyá ẹ̀dà ìwé kan tí wọ́n bá ṣì ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá sì bi yín nílé pé èló ni wọ́n fún yín, ẹ fi PDF hàn án.